Àdúà fún Siyamak Ọmọ Parvin

Ẹ má bi mí bóyá mo lẹ́nu. Mo lẹ́nu. Ìyá tó bí mí ní Ìwó ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọkọ mi sọ ọ́ títí ó fi kú, ọmọ mi Yusrah ṣì ń sọ ọ́ títí di àárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe yìí, ẹnu kọ́ ni mo fi ṣe é. Bíírò ni mo fi ṣe é, lórí bébà kékeré kan, pẹ̀lú ọkàn tó mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Èmi àti Mahnaz la jọ ni ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń tún aṣọ ṣe, lẹ́yìn àwọn tó ń ta irun ní Rye Lane, ní Lọ́ńdọ́nù. Òun ló ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, tó ń pààrọ̀ síìpù. Èmi ni mo ń rán búbá, tí mo sì ń tú aṣọ ìgbéyàwó tí àwọn ọmọ wa ń rà lórí fóònù, tó bá dé tán tí kò gba ìdí wọn. Ọmọ Ìráànì ni Mahnaz. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Èdè Òyìnbó la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tèmi gbé ohùn Ìwó, tirẹ̀ gbé ohùn Tẹ̀ránì. Ọdún mọ́kànlá rèé, a ò jà rí àfi nítorí fèrèsé, torí òun fẹ́ kó ṣí, èmi sì máa ń gbọ̀n láti oṣù Kẹsàn-án lọ.

Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá a nídìí máṣíìnì, kò rán nǹkan kan. Tíì rẹ̀ ti tutù. Ṣúgà oníhóró tó máa ń fi eyín há kó tó mu tíì wà nínú àwo, kò fọwọ́ kàn án. Fóònù rẹ̀ ń ka ìròyìn lédè wọn.

Mo ní, "Mahnaz, ta ló kú?"

Ó ní kò tíì sẹ́ni tó kú. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó dojú páálí tó sọ pé a ò tíì ṣí kọ ìta. Ọkàn mi já, torí obìnrin yìí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà, kódà lọ́jọ́ tí iná lọ ní gbogbo àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni. Siyamak lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ físíìsì ni ní yunifásítì. Lọ́dún 2015, nígbà tí ìjọba Ìráànì ń bá àwọn Òyìnbó jíròrò lórí ọ̀rọ̀ núkílíà ní Vienna, ó bá àwọn aṣojú ìlú rẹ̀ lọ, ó ń bá wọn túmọ̀ ìwé. Wọ́n ya fọ́tò, òun àti àwọn Òyìnbó, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àdéhùn yẹn jáde, àwọn èèyàn jó ní títì ní Tẹ̀ránì. Fọ́tò yẹn náà ló ti wá di ẹ̀rí báyìí.

Ó ṣàlàyé fún mi díẹ̀díẹ̀, torí ó mọ̀ pé òṣèlú kì í yé mi bí kò bá sí orúkọ èèyàn nínú rẹ̀. Ó ní agbo méjì ló wà nílé wọn. Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n bá Òyìnbó sọ̀rọ̀, kí wọ́n dín iṣẹ́ núkílíà kù, kí ọjà lè ṣí, kí ará ìlú lè jẹun. Àwọn kejì ń sọ pé Òyìnbó ò ṣeé finú hàn, ẹni tó bá bá wọn jókòó, ọ̀dàlẹ̀ ni. Bí ìjíròrò bá ń lọ déédéé, àwọn àkọ́kọ́ á mí. Bó bá dàrú, àwọn kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n máa mú. Láti ìgbà tí bọ́ǹbù ti rọ̀ lé wọn lórí fún ọjọ́ méjìlá ní oṣù Kẹfà, amí ni wọ́n ń wá kiri, wọ́n sì ti ń so àwọn tí wọ́n pè ní amí kọ́. Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹjọ, Bírítéènì, Faransé àti Jámánì fún ìjọba Ìráànì ní ọgbọ̀n ọjọ́: bí wọn ò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, gbogbo ìjìyà àtijọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè bá ayé tà kí wọ́n rà, á padà sórí ìlú náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ku mẹ́wàá.

Mahnaz ní, "Wọ́n ti mú méjì nínú àwọn tó wà nínú fọ́tò. Siyamak ti sá kúrò ní Tẹ̀ránì. Ó wà ní Káṣánì, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó tọ́ ọ nígbà tí Parvin ìyá wa ń ṣàìsàn. Bí ìjọba wa àti Òyìnbó bá fẹnu kò, ó lè padà sílé. Bí wọn ò bá fẹnu kò..." Ó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. "Àsúmáù, ìwọ nìkan ni mo sọ ìlú tó wà fún. Ọkọ mi gan-an ò mọ̀."

Mo ní, "Kò ní jáde lẹ́nu mi."

Kò sì jáde lẹ́nu mi. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹni tí n kò rí rí, mo ń fojú inú rí ọrùn rẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń yí tẹlifíṣọ̀n sí ibòmíràn, mo wá ń jókòó ti àwọn ọkùnrin onítáì, mo ń wo ẹnu wọn bóyá wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Yusrah wò mí títí, ó ní, "Mummy, since when do you care about uranium?" Mo yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Mo ti ṣèlérí.

Ọjọ́ Àìkú dé, mo lọ sí àsálátù wa ní Old Kent Road. Ibi tí wọ́n ti ń kó táyà pamọ́ nígbà kan ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín, bí a bá ń wí "Àmín," àwọn náà ń wí "Amen." Ẹni tó bá ní ìṣòro á gba bébà, á kọ orúkọ ẹni tó ń ṣe, orúkọ ìyá rẹ̀, ìlú tó wà, àti ohun tó ń ṣe é. Á jù ú sínú ike. Alfa Abdulqoyyum á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kà á síta, gbogbo ilé á sì gbè é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìwó náà nìyẹn kí n tó mọ Lọ́ńdọ́nù. Ìyá mi máa ń sọ pé àdúà tí kò lórúkọ, lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì ni, kò lè dé ibì kankan.

Mo gba bébà. Mo ro ìlérí mi wò. Mo wí fún ara mi pé Ọlọ́run kì í ṣe èèyàn, Ó kúkú ti mọ ibi tí ọkùnrin náà wà. Mo kọ ọ́ kó hàn kedere: Siyamak ọmọ Parvin, olùkọ́, ọmọ Ìráànì. Ó sá pamọ́ sí Káṣánì, nílé ìyá àgbà tó tọ́ ọ. Ìjọba fẹ́ mú un nítorí ìjíròrò núkílíà. Kí Ọlọ́run bò ó.

Kí Ọlọ́run bò ó, mo kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀ gbogbo ohun tó lè tú u fó.

Láti ìgbà kòrónà ni wọ́n ti gbé fóònù kan sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níwájú Alfa. Gbogbo ohun tí à ń ṣe ló ń lọ sórí ẹ̀rọ ayélujára lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn arábìnrin tó wà níbi iṣẹ́, àwọn aláìsàn, àti àwọn ará ilé ní Nàìjíríà. Èmi fúnra mi ti wò ó nínú bọ́ọ̀sì àìmọye ìgbà. Ṣé mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ ni? Mi ò gbàgbé. Ó kàn ti di ara ògiri lójú wa ni.

Alfa ka tèmi. Wọ́n kà á dáadáa, wọ́n tiẹ̀ ka Káṣánì lẹ́ẹ̀mejì kó lè yé àwọn tó wà lẹ́yìn. Igba èèyàn wí "Àmín." Mo sunkún, ara mi sì fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́rú.

Mo padà sílé ní Aylesbury, àdúgbò wa nítòsí ibẹ̀, mo ń dín ẹja, mo wá ṣí fídíò náà kí n tún gbọ́ àdúà mi. Àwọn èèyàn ti ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà kéwú kọ, ìlà kan péré. Inú mi dùn. Nílé kéwú tí mo lọ, bí a bá rí bébà tí lẹ́tà kéwú wà lára rẹ̀ nílẹ̀, a gbọ́dọ̀ gbé e sókè kí ẹsẹ̀ má bàa tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n bá ti fi lẹ́tà yẹn kọ, àdúà ni. Mo fi ọwọ́ tí kò ní epo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀: "Àmín, àmín, yà Rabbi." Àwọn yòókù náà bá mi ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Yusrah ń múra ibi iṣẹ́. Ọ́fíìsì council ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka ilé gbígbé. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró gbagidi.

"Mummy. Wait. Ta ni Siyamak?"

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Alfa ló sọ ọ́ now, on the live! Four hundred and something views. Ṣé Aunty Mahnaz's brother ni? Mummy, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Àdúà ni mo kọ."

"Ẹ kọ where he's hiding! Mummy, people are looking for this man, and you put his location online."

Mo ní, "Má pariwo mọ́ mi. Ọlọ́run mi o, ṣé ẹni tó ń wá a ní Ìráànì ló máa wá wo àsálátù Old Kent Road?"

Ó jókòó sórí àga. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Comment yìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ reply. Ẹ mọ nǹkan tó sọ?"

"Àdúà ni. Lárúbáwá ni."

"It's not Arabic. Ẹ wo lẹ́tà yìí, kò sí nínú kéwú tí ẹ fi mí sí. It's Persian, Mummy. Mo ti translate ẹ̀." Ó yí fóònù sí mi. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi lédè Yorùbá, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó dà bíi ti ọmọ Òyìnbó, ó ń kà á bí ọmọ tó ń ka ìwé níléèwé: "Ṣé Káṣánì ló wà lóòótọ́?"

Lábẹ́ ìbéèrè yẹn, èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti wí Àmín. Orúkọ mi ló wà lókè.

Mo di ẹnu ilẹ̀kùn mú. Ẹ̀rù ti bà mí rí láyé mi, ẹ̀rù ìbímọ, ẹ̀rù ìwé ìrìnnà, ẹ̀rù ọjọ́ tí wọ́n pè mí láti ọsibítù nítorí ọkọ mi. Kò sí èyí tó bá mi dé inú egungun bí eléyìí. A ò mọ ẹni tó béèrè. Kò sí fọ́tò níbẹ̀, orúkọ tó fi síbẹ̀ ò jọ orúkọ èèyàn. Ó lè jẹ́ ẹni rere. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni rere fẹ́ fi mímọ̀ ìlú tó wà ṣe?

A pe Alfa. "Subhānallāh! Ìyá Yusrah, mo ń yọ ọ́ báyìí, now now. Ó ti lọ. Mo ti delete ẹ̀ pátápátá." Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ta ló fẹ́ yọ èyí tó ti fọ́?

Yusrah di èjìká mi mú. "Ẹ lọ sọ fún Aunty Mahnaz. Not later. As soon as ẹ bá ti dé ibẹ̀. Ẹ promise mi."

Mo tún ṣèlérí. Mo wọ bọ́ọ̀sì 343, mo ń kọ́ ara mi ní ohun tí mo máa sọ. Aago mẹ́wàá lù mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Mahnaz ń kọrin. Mo fi Ọlọ́run bẹ yín, ó ń kọrin. Ó ti se tíì tuntun, ó dà á sínú ife méjì, ó ní mínísítà wọn máa pàdé àwọn ará Yúróòpù ní New York lọ́la. Ó ní wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀, kò tíì jà. Ó mú hóró ṣúgà kan, ó fi sí mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ mọ́, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹfà.

Ẹnu tí mo ní yìí, ẹnu tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ mi, ó kú.

Mo sọ fún ara mi pé kó kọ́kọ́ mu tíì rẹ̀ tán. Nígbà tó mu ún tán, Rosaline láti ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ àsálátù wa gbé aṣọ àwọn akọrin wọn wá, méjìlá, ó fẹ́ kí n gé wọn. Mo fi ara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ yẹn. Mo wọn ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń rò ó pé Alfa ti yọ fídíò náà, pé ẹni tó béèrè lè jẹ́ ọmọdé tó ń tọpinpin, pé ọ̀la ni ìpàdé New York, bí ìpàdé bá dára, kò ní sí ìdí láti sọ ohunkóhun. Gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rù bà mí fún Siyamak, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín: ẹ̀rù ojú Mahnaz ló bà mí jù. Mo fẹ́ kó fẹ́ràn mi fún wákàtí kan sí i, wákàtí kan náà ló wá di mẹ́rin.

Nígbà tó di aago méjì, ó wo ọwọ́ mi. "Àsúmáù, o ti rán apá aṣọ yẹn mọ́ ọrùn."

Mo wò ó. Lóòótọ́ ni. Mo bú sẹ́kún, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: bébà, Alfa, fóònù, ìbéèrè, Àmín.

Kò pariwo. Mo ti ń retí kó gbá mi létí, ì bá sàn. Ó gba fóònù mi, ó wo fọ́tò tí Yusrah yà kí wọ́n tó pa fídíò rẹ́, ó ka ìlà kan yẹn. Ó béèrè nǹkan kan ṣoṣo.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Láàárọ̀. Kí n tó kúrò nílé."

Ó gbójú sókè wo aago tó wà lára ògiri. Ó mú fóònù tirẹ̀, ó pe ìbátan wọn kan ní Dùbáì, torí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ nìyẹn. Kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ó wọ kóòtù, ó jáde. Tíì mi wà níbẹ̀, mi ò mu ún.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi wá. Mo pè é, kò gbé e. Mo ń dá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, bí ẹnì kan bá ti tilẹ̀kùn wọlé, màá ti dìde. Ìpàdé New York ò so èso rere. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ìròyìn ní ìjìyà ti padà sórí Ìráànì. Wọ́n gbé ike bébà kọjá lọ́dọ̀ mi ní àsálátù, mo sún un sí ẹni tó tẹ̀ lé mi. Mo wo fóònù orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn títí a fi ṣe tán, bí ẹni tó ń ṣọ́ ejò.

Ọjọ́ Ajé, Mahnaz wọlé. Ó gbé kóòtù kọ́. Ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìwojú mi.

Siyamak ti bọ́. Ó ti kọjá ẹnubodè sí Tọ́kì, wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ké "Àlùhámídù lílááhì," mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá mi dúró.

"Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n pè é ni àwọn tó ń wá a kan ilẹ̀kùn. Ogún ìṣẹ́jú tó fún Siyamak láti fo ògiri ẹ̀yìn. Ìyá yẹn ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, orúnkún ń dùn ún. Ogún ìṣẹ́jú ò tó fún un láti wọ bàtà. Òun ni wọ́n mú lọ. A ò mọ ibi tó wà. Bóyá ohun tí o kọ ni wọ́n tẹ̀ lé, bóyá wọ́n ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, a ò mọ̀, a ò sì ní mọ̀." Ó fa òwú wọ ojú abẹ́rẹ́. "Ṣùgbọ́n ká ní aago mẹ́wàá lo sọ fún mi, mọ́tò ì bá ti wá gbé àwọn méjèèjì."

Aago ara ògiri ń lọ. Wákàtí mẹ́rin, mo fi wọ́n wọn aṣọ akọrin.

Nígbà tó yá, mo sọ ohun tí ìyá mi kọ́ mi, torí mi ò mọ òmíràn. Mo ní, "Mahnaz, jọ̀ọ́. Mi ò ní kọ ọ́ síbì kankan. Mi ò ní mú un dé àsálátù. Nínú yàrá mi ni, èmi àti Ọlọ́run nìkan. Kí lorúkọ ìyá náà? Ọmọ ta ni?"

Ó wá wojú mi wàyí. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ó wò mí bí a ṣe ń wo ẹni tí a ò mọ̀ rí nínú bọ́ọ̀sì.

"Mi ò ní sọ fún ọ," ló wí.

Ó dìde, ó ṣí fèrèsé. Òtútù wọlé, mo wọ kóòtù mi. A jọ ń rán aṣọ lọ.

A ṣì jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi nírọ̀lẹ́. Tíì tirẹ̀ nìkan ló ń sè. Bí mo bá kírun tán nílé, mo máa ń tẹ́wọ́, ẹnu mi á sì há, torí mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ pè. Mi ò dárúkọ ìlú pàápàá mọ́. Mo kàn máa ń sọ pé, Olúwa, ìyá yẹn. Ìyá tí orúnkún ń dùn yẹn. Ìyá mi ní àdúà tí kò lórúkọ kì í dé ibì kankan. Ojoojúmọ́ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé ìyá mi ló ṣì í.